Orí Kẹrin: Omi Ìdájí

Kí Dúródọlá tó ti ìgò bọ omi lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń wò ó. Aago mẹ́wàá ti lù. Òfin sọ pé Awomi, ẹni tí ń yẹ omi òkun wò fún ìlú, kò gbọdọ̀ bu omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, pé ìdájí ni yóò bù ú, kí ẹnikẹ́ni tó kí i, kí òun náà tó kí ẹnikẹ́ni. Ó ti bu ti ìdájí. Ó ti wò ó. Aṣọ funfun ti wà lórí òpó láti aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè gbogbo ilé Ayélẹ́rọ̀, àwọn ènìyàn sì ti gbà pé òkun dára lónìí.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó tú ọkọ̀ rẹ̀.

Omi ìdájí náà ti mọ́ jù. Kì í ṣe pé kò rí oró nínú rẹ̀ nìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkankan rárá. Àwọn onígò, ohun ẹlẹ́mìí tíntín tí ara wọn dà bí gíláàsì tí a gé, tí ó máa ń rí ní ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ẹ̀kán omi kan nígbà tí ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, kò ju méjì lọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti ṣófo. Oko tí kò hu irè tí kò sì hu èpò, nǹkan kan ni ó ń jẹ ibẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ olórí roboto tí Ilé-iṣẹ́ Omi fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ìsàlẹ̀ òkun mì díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kò yára tí kò sì falẹ̀. Ó ní omi gbóná dé ìwọ̀n mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì dúpẹ́. Wákàtí wákàtí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Ìjọba ni wọ́n ń pè é ní Ayélẹ́rọ̀, nítorí pé yóò sọ fún ọ pé ilé rẹ ń jó, kò sì ní bá ọ gbé korobá. Lọ́dún tí wọ́n gbé e wá, méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó máa ń pè, àwọn ọmọdé a sì bá a pè é bí ẹni ń kọrin. Nígbà tí ó di ọgbọ̀n, àwọn ọmọdé kò bá a pè é mọ́.

Dúródọlá dé ìgò náà, ó fi í sábẹ́ aṣọ tí ó fi gbàjá, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Gbogbo Ayélẹ́rọ̀ wà níta. Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ṣẹ́kù, gbogbo wọn léfòó lórí àgbá ike, a sì fi pátákó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ilẹ̀ tí àwọn bàbá wọn sin òkú sí wà lábẹ́ omi ní ìwọ̀n ìnà apá mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni ó ṣì ń gbé ibẹ̀. Lónìí, wọ́n ń fa okùn. Láti oṣù Agẹmọ ni àwọn ìgbín okùn ti ń dàgbà lórí àwọn okùn gígùn tí wọ́n so rọ̀ sínú òkun. Oníkarahun méjì ni wọ́n, wọn kì í rìn; wọn a lẹ̀ mọ́ okùn, wọn a la ẹnu, wọn a sì máa gbé omi mì tọ̀sán-tòru, ohun yòówù tí ó bá wà nínú omi náà ni oúnjẹ wọn. Bí ẹja ti dín kù, àwọn ni ó kù tí ènìyàn lè fojú sí. Àṣà ìlú sì ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa okùn, a kì í tà, a kì í pín. Ìkòkò kan ni wọn yóò sè é sí, ìkòkò àkọ́ká, gbogbo ilé yóò sì jẹ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, láti orí arúgbó títí dé ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹni tí kò bá jẹ ti kọ ìlú nìyẹn.

Àìná, àbúrò Baálẹ̀, ni ó ń ṣe olórí ìdáná. Ó rí Dúródọlá bí ó ti ń kọjá, ó sì gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Alásìá," ni ó wí, "gíláàsì rẹ yẹn, ṣé ó ti fi ẹni tí yóò fẹ́ mi hàn ọ́?"

Àwọn obìnrin tí ń fọ ìkarahun rẹ́rìn-ín. Dúródọlá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ tí òun rí fún un kéré díẹ̀, ó ní ìrù, kò sì ní orí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wọn sọ pé ìyẹn náà sàn ju èyí tí Àìná lé jáde lọ. Inú gbogbo wọn dùn. Èyí ni kò jẹ́ kí ó lè dúró níbẹ̀.

Nínú ilé Awomi, iná awò ti kú. Ilé-iṣẹ́ Omi ni ó ń tan iná náà láti òkèèrè ní aago márùn-ún ààbọ̀, tí ó sì ń pa á ní aago méje, kí ẹnikẹ́ni má baà fi awò ìjọba ṣeré. Dúródọlá gbé awò náà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tíntín di ńlá lójú, lọ sẹ́nu fèrèsé. Ó yọ dígí kékeré tí ó fi ń wo ojú kúrò lára ògiri, ó gbé e sí abẹ́ rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi wọ inú ihò. Ó kán omi kan sórí gíláàsì. Ó di ojú òsì.

Wọ́n ń sáré. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó rí, pé ohun gbogbo inú ẹ̀kán omi náà ń sáré. Wọ́n rí bí èso kékeré tí a de ìgbànú mọ́ nídìí, olúkúlùkù pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn tí ó fi ń na omi bí ẹni na ẹṣin. Onípàṣán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n, wọ́n ń kọjá lára ara wọn, ó pàdánù iye, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlélógójì. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́wàá lọ nínú ẹ̀kán kan, ìgbín okùn ti di oró.

Ó kán omíràn. Méjìdínlógójì.

Omi kan náà ni, ibì kan náà, lẹ́bàá ẹ̀wọ̀n Ìyàwó Ìjọba. Wákàtí mẹ́rin péré ni ó wà láàárín ìgò ìdájí àti ìgò yìí.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí pátákó. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn ni ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ti wo omi ìdájí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, kò rí nǹkankan, ó sì fa funfun sókè. Aago kan ọ̀sán, ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ ìgbín okùn méje pẹ̀lú gaàrí. Aago méjì kọjá, ó ní ètè òun kú. Ó mu omi, ó ní òun kò mọ̀ bóyá omi náà ti wọlé. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èémí rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ títí dé òpin. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà náà ni Dúródọlá tó fa pupa sókè, pupa kìíní ọdún náà. Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Bámitálẹ́ ọkọ rẹ̀ kàn ń fọ àwo tí ìyá rẹ̀ fi jẹun, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́jọ ni Dúródọlá fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú òun ni ó jẹ̀bi.

Ojú rẹ̀ kọ́. Àwọn onípàṣán wọ̀nyí a máa lọ sí ìsàlẹ̀ lóru. Bí oòrùn bá mú, wọ́n a tún gòkè wá. Ìdájí ni wọ́n jìnnà sí òun jù lọ, ìdájí sì ni òfin ní kí òun máa wá wọn.

Pupa kejì wáyé ní oṣù Òkúdù. Ọ̀sán ni, omi pupa rúsúrúsú bí omi irin, ó sì fa pupa láì bu omi rárá. Àwọn ará Ilé-iṣẹ́ Omi dé ní ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n bu tiwọn, ó mọ́ kedere. Ẹni tí ó ṣáájú wọn, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ kò kan omi rí, sọ pé pupa èké ni, ṣùgbọ́n pupa ni pupa: yálà omi ni kò dára tàbí Awomi, èyíkéyìí nínú méjèèjì, ibẹ̀ kò yẹ fún ènìyàn láti gbé. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ibùdó kan bá fa pupa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, wọn yóò já àgbá rẹ̀, wọn yóò sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgọ́ Òkè.

Lọ́sàn-án gangan ni àṣá máa ń kọjá, ẹ̀rọ abìyẹ́ tí Ilé-iṣẹ́ ń rán láti ìpẹ̀kun etíkun kan dé èkejì. Àwòrán òpó ni ó ń yà. Àwọ̀ tí ó bá bá lórí òpó ni wọn yóò kọ sílẹ̀.

Dúródọlá kò lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ tààrà. Ó gba orí pátákó lọ sí ilé tí ó wà ní ìkángun, níbi tí Ìyá Ẹ̀bùnlọmọ ti ń gbé. Màmá náà ni Awomi àkọ́kọ́ ní gbogbo etíkun, òun ni ó kọ́ Dúródọlá níṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti lọ tán báyìí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ wá ihò àwọ̀n, ó ń dí i. Kò nílò kí wọ́n sọ ẹni tí ó dé fún un. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ń sáré lórí pátákó mi, kí ni ó ń lé ọ?"

Dúródọlá kúnlẹ̀, ó sì rò fún un. Ó sọ ti ìgò kejì, ó sọ iye tí ó kà. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí kò tí ì béèrè rí láti ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ìdájí.

Màmá náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó gbé àwọ̀n náà lé itan.

"Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ní," ni ó wí. "Ti ọkọ àbúrò mi ni. Aago méje ni ó fi ń gbé e lọ sójú ẹja. Bí mi ò bá bu omi ní ìdájí, kò sí ohun tí mo lè fi bù ú."

Dúródọlá ń wò ó. Ó ní, "Màmá, àti pé a kì í kí ènìyàn ńkọ́?"

"Mi ò tíì fọ ẹnu ni. Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹnu orun kí àgbà?" Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ọkùnrin kan láti Ilé-iṣẹ́ wá dúró tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun gbogbo tí mo ń ṣe ni ó ń kọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìwé òfin dé, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, títí dé ọwọ́ òsì tí mo fi ń dé ìgò, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún mi ń dùn mí lọ́dún náà."

Dúródọlá béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ìgbà yìí wá. Màmá náà sọ pé ní ayé ìgbà náà kò sí ìyàtọ̀. Omi tutù nísàlẹ̀, ó tutù lókè, atẹ́gùn a máa rò ó pọ̀ bí ẹ̀kọ, ohun tí o bá rí ní ìdájí náà ni o máa rí lọ́sàn-án. Ní báyìí, omi gbígbóná ti jókòó lórí omi tútù bí òróró lórí ọbẹ̀, kò sì gbà kí oúnjẹ ìsàlẹ̀ gòkè tọ àwọn onígò wá. Ebi ti pa wọ́n tán. Àwọn onípàṣán ní tiwọn ní ohun tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n a sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun lóru, wọ́n a gòkè wá yáàrùn lọ́sàn-án. Ó ní òun ti ń rò ó láti ìgbà tí ìyá Bámitálẹ́ ti kú. Ó ní òun ń dákẹ́ nítorí pé òun kò ní ojú mọ́ tí òun yóò fi wò ó, àti nítorí pé ojú ń ti òun.

Lẹ́yìn náà ó tún mú àwọ̀n rẹ̀, ó ń wá ihò. Kò sọ fún Dúródọlá ohun tí yóò ṣe.

Baálẹ̀ Orímolóyè wà lórí ibùsọ̀ ọkọ̀, ó ń wo bí wọ́n ti ń ru ìgbín okùn jáde nínú ọkọ̀. Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Dúródọlá ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì lọ sẹ́yìn ilé agbára, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin, kò já lù ú. Ẹni tí kì í gbé ohùn sókè ni.

Baálẹ̀ béèrè bóyá ojú rẹ̀ kò lè tàn án. Dúródọlá ní ó lè tan òun. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti jẹ nínú rẹ̀. Dúródọlá ní kò ì tí ì.

"Nígbà náà ọ̀rọ̀ náà kò le," ni Baálẹ̀ wí. "Màá ní kí Àìná da ìkòkò nù. Màá sọ pé mo lá àlá. Kí wọ́n bínú sí mi. Funfun á wà níbi tó wà títí àṣá á fi kọjá. Tí ó bá ti kọjá, fa ohun tó bá wù ọ́."

Ó rọrùn. Ó fúyẹ́ lára Dúródọlá bí ìgbà tí a bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ó dára. Lẹ́yìn náà ó wo ìhà ìwọ̀ oòrùn.

"Bàbá, Ẹ̀bútè Aláró ńkọ́?"

Baálẹ̀ náà wo ìhà ibẹ̀.

Ẹ̀bútè Aláró, ibùdó mìíràn lórí omi náà, kò ní awò, kò ní Awomi. Òpó Ayélẹ́rọ̀ ni wọ́n ń fi ojú wò, wọ́n a sì gbé àwọ̀ tí wọ́n bá rí síbẹ̀ sórí òpó kékeré tiwọn. Inú omi kan náà ni okùn wọn wà. Òní ni àwọn náà ń jẹ àkọ́ká, nítorí pé òní ni funfun tí wọ́n ń dúró dè. Kò sí bí a ó ṣe fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kìlọ̀ fún wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá kan omi lórí ẹ̀rọ, Ilé-iṣẹ́ ń gbọ́ ọ, pupa ni wọ́n sì ń kà á sí. Ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà yóò gbà tó wákàtí méjì dé ibẹ̀.

"Ẹ̀bútè Aláró ní Baálẹ̀ tiwọn," ni Orímolóyè wí. Kò wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

"Kò ní ojú tí yóò fi wo inú omi, Bàbá. Ojú wa ni ó yá."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ń jiyàn. Ó ní òun ti dé Àgọ́ Òkè. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n kó àwọn ará Ẹ̀bá-Ìràwọ̀ lọ síbẹ̀, òjìlénígba ènìyàn, àbúrò òun ọkùnrin sì wà nínú wọn. Yàrá kan, ìdílé méjì. Ìlà oúnjẹ láàárọ̀, ìlà oúnjẹ lálẹ́. Àbúrò òun yìí, tí ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ìgbà tí ìjì yóò dé, òun bá a níbi tí ó jókòó kọjú sí ògiri, tí ó ń hun àwọ̀n. Òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹja wo ni ó fẹ́ fi mú. Àbúrò náà ní kò sí. Bí òun bá hun ún tán, òun a tú u, òun a sì tún un hun. Kò pé ọdún tí ó fi kú, kò sì sí àìsàn kan tí dókítà rí.

"Oró yẹn náà ń pa ènìyàn," ni ó wí. "Kàn sọ fún mi pé o mọ̀ pé ó ń pa ènìyàn."

Dúródọlá ní òun mọ̀.

Baálẹ̀ ní, "Mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Mi ò sì ní bá ọ dé ìdí òpó."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó padà síbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Dúródọlá rí i tí ó tẹ̀ sílẹ̀ bá wọn gbé agbọ̀n kan, bí ẹni pé iṣẹ́ ni ó gbé e kúrò tí iṣẹ́ sì tún gbé e dé.

Láti ilé agbára dé ìdí òpó, pátákó mẹ́tàdínlógójì ni. Ó mọ iye wọn láti ọdún tí ìkún omi gbé ìdajì wọn lọ. Bí ó ti ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ìdí tí kò fi ní ṣe é, ó sì ń rí i. Bóyá àwọn ará Ẹ̀bútè Aláró kò tí ì sè é. Bóyá kò ní pọ̀ tó láti pa ènìyàn. Bóyá mọ́kànlélógójì tí ó kà, ó ka àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí bí yóò ṣe mọ̀ láé. Bí pupa bá ṣiṣẹ́, kò ní sí òkú tí yóò jẹ́rìí sí i. Àwọn ará Ilé-iṣẹ́ yóò dé ní ìdájí ọ̀la, wọn yóò bu omi wọn, yóò sì mọ́ kedere.

Ó tú okùn. Funfun ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń wé mọ́ òpó, ó sì ní láti fà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ, bí ariwo ibùsọ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, àwọn tí ń fọ ìkarahun ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn tí ń ru ẹrù, títí kò fi sí ohùn kankan àyàfi ti igi tí ń ta nínú iná Àìná. Ó so pupa mọ́ ọn. Ó fà á.

Àìná ni ó kọ́kọ́ rìn wá, ṣíbí ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó wo òkè, ó wo Dúródọlá. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ òwúrọ̀ ti kúrò lójú rẹ̀. Ó béèrè kan ṣoṣo, ó ní ta ni ó kú. Dúródọlá ní kò sí ẹni tí ó kú. Àìná tún wo aṣọ náà.

"A ò kú, o wá lé wa nílé," ni ó wí. Ó yí padà lọ.

Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ojú Dúródọlá wà. Lókèèrè, lórí omi tí ó ń dán bí irin, òpó Ẹ̀bútè Aláró tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, funfun tiwọn sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó Ìjọba ní ọ̀sán ti pé, omi gbóná dé ìwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n, ó dúpẹ́. Funfun náà kò kúrò. Àṣá yọ láti ìlà oòrùn pẹ̀lú ohùn bí ti kòkòrò inú ìgò, ó wá, ó dúró lókè òpó Ayélẹ́rọ̀, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ṣí, ó pa dé. Ó ti parí. Ó yí, ó gba ìwọ̀ oòrùn lọ.

Funfun ṣì wà níbẹ̀. Dúródọlá di òpó mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ń ronú nípa àwọn àwo tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ tí ń na sí ọbẹ̀, ìyá kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó tó fi í sẹ́nu ọmọ. Ó ń ronú pé òun ti ta gbogbo ìlú, òun kò sì rí nǹkankan rà.

Nígbà náà ni funfun kékeré náà sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó Ẹ̀bútè Aláró. Òpó náà ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Pupa gòkè, kékeré bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn, ó sì dúró síbẹ̀.

Wọ́n ti ń da ìkòkò nù lórí ibùsọ̀. Orímolóyè fúnra rẹ̀ ni ó di etí kan mú, Àìná di èkejì. Ọbẹ̀ náà bọ́ sínú òkun, èéfín rẹ̀ sì rà lórí omi kí ó tó tán. Bámitálẹ́ ti inú ọkọ̀ gòkè wá, ara rẹ̀ tutù láti orí dé ẹsẹ̀, àpá okùn wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Láti aago méje ni ó ti ń fa okùn. Ó dúró ti ìyàwó rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án. Dúródọlá sọ fún un pé òun bu omi lẹ́ẹ̀kejì, ní aago mẹ́wàá, pé onípàṣán kún inú rẹ̀. Ó ní ní oṣù Ẹrẹ́nà náà, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá.

Ó gbọ́ ọ. Ó yíjú sí omi.

"Ẹrù wo ni a ó kọ́kọ́ dì?" ni ó bi í.

Dúródọlá ń ka ènìyàn. Àwọn ará Ayélẹ́rọ̀ ń padà sílé lórí pátákó, lọ́kọ̀ọ̀kan, àwo òfìfo lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní láti gba ẹ̀bá òpó kọjá. Àwọn kan yí ojú kúrò. Ẹnì kan tutọ́ sínú omi. Obìnrin kan tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn bú u láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń já geere lẹ́nu rẹ̀, kò kọsẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ta á pé ebi ń pa òun. Dúródọlá kà á mọ́ ọn, òun àti ọmọ. Ó ti dé mọ́kànlélógójì, ó kọjá rẹ̀, ó dé ọgọ́ta, àwọn yòókù sì ń bọ̀ lẹ́yìn.